Kọ́tìnnì Màmá nínú Ilé Baba Afẹ́fẹ́

"Jẹ́ kí n ti apá kejì bọ̀ ọ́ ná," ni Màmá wí.

Tíṣà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti gun àpótí ní tirẹ̀, ó ti ń tú okùn kọ́tìnnì kúrò lára ìṣó. Ọwọ́ òsì Màmá ti wọnú aṣọ, ti ọ̀tún ṣì wà níta, èjìká àgbà sì hàn gbangba sí pálọ̀, nítorí kò sí ilẹ̀kùn láàárín yàrá àti pálọ̀ nínú ilé náà. Àyè fífẹ̀ kan ni ẹni tó yàwòrán ilé fi sílẹ̀ lára ògiri, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yìí ló sì ń bo àṣírí ibẹ̀ láti ìgbà tí Tíṣà ti gbọ́njú. Tíṣà fà á tagbáratagbára. Etí rẹ̀ há sórí ìṣó, ó ya fàà, ó sì já wálẹ̀. Màmá kàn yí padà, ó kọjú sí ògiri, ó parí aṣọ wíwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fìyà jẹ.

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọwọ́ mi ni kò yá mọ́."

Àlejò ló ń bọ̀ wá wo ilé. Kì í ṣe pé ọjọ́ àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáyé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti iléèwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni pa ló ti ń fi ilé náà han èèyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: kíkó ayé pamọ́ ló ń pè é. Àga tìmùtìmù Màmá tó ti jìn láàárín, rédíò rẹ̀, àpò oògùn, póò abẹ́ ibùsùn, sílípáàsì, báàfù tó ń gba omi níbi tí òrùlé ti ń jò, gbogbo rẹ̀ á wọ sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Kọ́tìnnì á tẹ̀lé wọn. Á wá ku ilé nìkan, tónítóní, bí ẹni pé ẹnì kankan kò jẹun níbẹ̀ rí, ẹnì kankan kò ṣàìsàn níbẹ̀ rí.

Ayàwòrán-ilé tó ya á ti kú tipẹ́, òkìkí rẹ̀ ni kò kú. Ó kọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó kọ́ iléèwé gíga, àmọ́ àwọn ilé kéékèèké tó yà fún àwọn òṣìṣẹ́ ládùúgbò yìí làwọn èèyàn ń tìtorí wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Baba Afẹ́fẹ́ ni ará àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn: kí afẹ́fẹ́ máa rìn. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilẹ̀kùn nínú ilé àfi ti balùwẹ̀ àti ti sítọ́ọ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri ìwọ̀-oòrùn fi jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò láti òkè délẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba inú ihò wọ̀nyẹn wọlé, á ya òdòdó sórí ilẹ̀ dídán, òdòdó náà á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi gun ògiri kejì. Tíṣà ti ń wò ó láti kékeré, kò sì sú u rí. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún àlejò, kò purọ́ mọ́ ọn.

Fọ́tò kan wà tó sọ ilé náà di olókìkí. Ó wà nínú ìwé, ó wà lórí fóònù gbogbo ẹni tó bá ń wọlé: oòrùn ìrọ̀lẹ́, òdòdó lórí ilẹ̀, àga kan ṣoṣo. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Gbogbo àlejò ló máa ń fẹ́ dúró síbi tí ẹni tó ya fọ́tò dúró sí.

Aránṣọ, aládùúgbò wọn, kò rí ẹwà kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ilé tirẹ̀ àti tiwọn dà bí ìbejì nígbà kan, ṣùgbọ́n ó ti fi ilẹ̀kùn sí gbogbo ibi tó ṣí sílẹ̀, ó ta páànù síwájú, ó fi búlọ́ọ̀kù gidi dí gbogbo ihò. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé Baba Afẹ́fẹ́ wá, wọ́n wo ilé rẹ̀ bí ẹni wo òkú, wọ́n kọjá lọ. Ó ní kò dun òun. Òun kò jẹ́ fi ìhòòhò ra òkìkí. Ó ní ọkùnrin tó ya ilé wọ̀nyí, bó ti wù kó gbọ́n tó, kò fọmọ lọ́mú rí.

Ọ̀dọ̀ Aránṣọ yìí ni Màmá máa ń lọ jókòó lọ́jọ́ àlejò. Wọ́n á gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa bá wọn já òwú, á máa gbọ́ òfófó gbogbo ìyàwó àdúgbò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, nígbà tí Tíṣà fa Màmá lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, àgádágodo ló wà níbẹ̀. Aránṣọ ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Tíṣà kò sì rán an létí. Ó ti di àṣà, ó rò pé àṣà kì í lọ síbì kankan.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ àlejò lásán. Alága ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Baba Afẹ́fẹ́. Wọ́n fẹ́ mú ilé kan ṣoṣo nínú àwọn tó kù, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé àfihàn. Ilé tí wọ́n bá mú, wọ́n á tú òrùlé rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á tún un dà. Òrùlé ni Tíṣà ń rò. Pẹrẹsẹ ló wà, omi kì í rí ibi sàn lọ lórí rẹ̀. Ọ̀gangan ẹsẹ̀ ibùsùn Màmá gan-an ló sì ti ń jò. Ikọ́ tó mú Màmá lásìkò òjò tó kọjá kò tíì fi í sílẹ̀. Tíṣà ti pe oníṣẹ́ títí, gbogbo wọn ló ń wo òkè tí wọ́n ń mi orí. Alága sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un lórí fóònù pé ilé tó bá ṣì rí bó ṣe rí nínú fọ́tò làwọn á mú.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àgádágodo Aránṣọ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Tíṣà mú Màmá gba ẹ̀yìnkùlé padà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Ó gbé àga tìmùtìmù sáàárín ẹrù, ó nu orí rẹ̀, ó ní kí Màmá jókòó, kò ní pẹ́. Kò lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Màmá wo inú sítọ́ọ̀ yíká. "Kò burú," ó ní. "Mo mọ ibẹ̀."

Wọ́n dé. Alága jẹ́ obìnrin tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń dúró dè, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Arúgbó náà tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀pá, Àgbà Ayàwòrán ni gbogbo wọn ń pè é, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n gbé fóònù sókè. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó sọ ti afẹ́fẹ́, ó sọ ti ihò ara búlọ́ọ̀kù, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ìjókòó gígùn tí wọ́n dà mọ́ ògiri. Àgbà Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ lára bí ẹni pa orí ọmọ. Omi lé sí i lójú. Ó ní òun rò pé òun ò ní rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ kí òun tó kú, gbogbo èyí tó kù làwọn èèyàn ti fi ilẹ̀kùn pa.

Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó béèrè ẹni tó ń gbébẹ̀.

"Èmi nìkan ni, mà," ni Tíṣà dáhùn.

Kékeré lọ̀rọ̀ náà, ó sì rọrùn ní sísọ. Ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí ikọ́ kan fi dún láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹni tó ń wúkọ́ náà ń gbìyànjú láti pa á mọ́ ikùn. Tíṣà mọ ikọ́ yẹn, ó mọ bí Màmá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ dí ẹnu. Ó gbé ohùn sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí oòrùn ń gbà wọlé bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ó rò pé òun ti yọ, àmọ́ Àgbà Ayàwòrán ti yíjú sí ilé ìdáná. Kì í ṣe ikọ́ ló gbọ́. Etí rẹ̀ kò mú mọ́. Ilẹ̀kùn ló rí.

Ó ní kí gbogbo wọn wá wo nǹkan. Ó ní òun, ọmọkùnrin tí kò tíì nírùngbọ̀n nígbà náà, lòun fọwọ́ ara òun ya ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀gá kò fẹ́ ilẹ̀kùn kankan, òun bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbà fún òun pé kó dáa, kóun ya ti balùwẹ̀ àti ti sítọ́ọ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń tẹ̀pá lọ.

Tíṣà sáré síwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, pàǹtí ló kún ibẹ̀."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní pàǹtí kì í ba ilẹ̀kùn jẹ́, ó sì ṣí i.

Màmá jókòó lórí àga rẹ̀ láàárín báàfù àti rédíò, àpò oògùn lẹ́sẹ̀, kọ́tìnnì tó ya lórí itan. Ó ti mú abẹ́rẹ́ kan jáde láti ibi kan, ó ń wá ojú ibi tó ti ya. Ìmọ́lẹ̀ bá a lójijì, ó ṣẹ́jú. Gbogbo wọn dúró, àwọn tó gbé fóònù sókè rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ni Màmá yìí?" ni Alága béèrè.

Tíṣà kò ronú. Bó bá ronú ni, bóyá ìbá rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, ó kéré tán ìbá dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ.

"Ó ń bá wa gbálẹ̀ ni."

Màmá gbójú sókè wò ó. Kò bínú, ìyẹn ni Tíṣà kò lè gbàgbé lẹ́yìn náà. Ojú náà kàn dúró lára rẹ̀ díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí a jọ mọra rí, tí a kò tíì rántí ibi tá a ti mọra. Lẹ́yìn náà ló di apá àga mú, ó dìde. Ó rọ orúnkún díẹ̀ sí Alága, ẹni tó tó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo ti gbálẹ̀ tán, madam."

Ó sọ ọ́ dáadáa débi pé kò sẹ́ni tó fura. Alága kí i kú iṣẹ́, ó ní ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì na owó bébà kan sí i. Màmá fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dúpẹ́. Àgbà Ayàwòrán ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi igi dè é, Màmá sì dúró sí igun kan, ó yẹra fún wọn kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Tíṣà kò mọ ohun tó sọ fún wọn mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ó sìn wọ́n dé ìta, ó juwọ́ sí wọn, ó sì dúró lójú títì fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn ti lọ, torí kò mọ bí òun ṣe máa padà wọlé. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, kò sí ibi téèyàn lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Nígbà tó wọlé, ìró ìgbálẹ̀ ló gbọ́. Màmá ti tẹ̀, ó ń gbá pálọ̀, ó ń gbá orí òdòdó oòrùn lọ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní eruku kankan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Jẹ́ kí n gbá a."

"Màmá."

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di òpùrọ́," ni Màmá wí, kò dúró. "Ìwọ lo ní mò ń gbálẹ̀. Tí mo bá gbá a, kò tún ní jẹ́ irọ́ mọ́."

Tíṣà wólẹ̀ síbi tó wà. Ó di ìgbálẹ̀ mú láti ìsàlẹ̀, Màmá dì í mú láti òkè, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí Màmá fi jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òrùlé ló kó sí òun lórí, ó ní ìtọ́jú Màmá gan-an lòun ń wá kiri. Bó ṣe ń sọ ọ́ lojú ń tì í sí i, torí pé òótọ́ ni, òótọ́ náà kò sì wúlò. Ẹni tó fẹ́ wá ibòji fún ìyá rẹ̀ ló bọ́ ìyá rẹ̀ síhòòhò ní gbangba.

Màmá jókòó sórí ìjókòó ara ògiri. Ó gbé owó Alága lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ kí ó má ká. "Owó iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ nínú ilé yìí rèé," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbálẹ̀ ẹ̀."

Tíṣà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

"Fọ́tò tí ẹ̀ ń wò yẹn," ni Màmá tún wí, "ǹjẹ́ o tiẹ̀ bi ara rẹ léèrè rí, níbo la wà lọ́jọ́ náà?"

Kò bi ara rẹ̀ rí. Ó ti sọ ìtàn fọ́tò náà fún àìmọye àlejò, ó mọ ẹni tó yà á, ó mọ wákàtí tí oòrùn ń wọlé, kò bi ara rẹ̀ rí.

Màmá wá sọ ọ́ fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Baba Afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹni tó gbé kámẹ́rà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kí òun kú ewu ọmọ, ó tiẹ̀ gbé ọmọ náà wò. Ó wá ní kí ìyàwó bá àwọn yẹra díẹ̀, ilé làwọn fẹ́ yà. Ibo ni kéèyàn yẹra sí? Gbogbo ilé ló ṣí. Ọkọ òun ló wá fojú ṣe sítọ́ọ̀. Ẹrù ọmọ, aṣọ àwọ̀sùn, agbada omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó tẹ̀lé òun síbẹ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹni tó ní kámẹ́rà ké láti pálọ̀ pé kí wọ́n dákẹ́.

"Bí ẹni pé fọ́tò máa ń gbóhùn," ni Màmá wí. "Mo bá ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kejì ni mo ra aṣọ tí mo fi ṣe kọ́tìnnì. Ìwọ àti èmi la jọ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ló fi wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní mò ń gbálẹ̀ ṣá."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: ẹ kú àárọ̀, ẹ ti loògùn, ẹ jẹ́ kí n gbé omi wá. Màmá kò mú un sọ mọ́. Èyí gan-an ló ń jẹ Tíṣà níyà. Bó bá ń wẹ ẹ̀yìn Màmá, á rántí èjìká tó hàn sí pálọ̀. Bí ẹni kan bá pè é ní madam lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Kò lè sọ ọ́ fún Aránṣọ pàápàá, ó kàn gbé kọ́tìnnì lọ fún un pé kó bá òun rán ibi tó ya, torí ojú Màmá kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Aránṣọ yẹ aṣọ náà wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní aṣọ yìí ti gbó ju Baba Afẹ́fẹ́ lọ, kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi ya báyìí. Tíṣà wolẹ̀. Aránṣọ wo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó tẹ ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ dún. Alága ni. Ilé wọn ni wọ́n mú. Ó ní ìpàdé kò tilẹ̀ pẹ́, omijé Àgbà Ayàwòrán ti parí gbogbo ẹjọ́. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé láti wá tún fọ́tò náà yà, ibi kan náà, oòrùn kan náà; kó ṣáà rí i pé gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. "Kí Màmá tó ń gbálẹ̀ yẹn náà tún bá wa gbá a dáadáa o," ni Alága fi kún un, tìfẹ́tìfẹ́.

Tíṣà sọ ọ́ fún Màmá nírọ̀lẹ́. Màmá dúpẹ́ títí, ó gbójú sókè wo ibi tí òrùlé ti ṣú dúdú. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, kó tètè bá Aránṣọ sọ ọ́ o, kí wọ́n má tún bá àgádágodo pàdé. Ó fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí Tíṣà jẹun.

Ní Sátidé, ó gun àpótí. Ó gbé kọ́tìnnì kọ́ sórí ìṣó, ó sì so okùn rẹ̀ le. Ó gbé àga tìmùtìmù padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri oníhò, rédíò lórí ìjókòó, báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò. Màmá jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò ó.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe báyìí? Ìwọ Tíṣà, òjò ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀, mà."

"Èmi lè lọ sọ́dọ̀ Aránṣọ. Kò ní nǹkan kan ṣe mí."

"Ẹ máa wọ aṣọ yín," ni Tíṣà wí. "Ẹ wọ èyí tó dáa. Ẹ fara balẹ̀ wọ̀ ọ́."

Ó fa kọ́tìnnì pa dé.

Nígbà tí Alága àti Àgbà Ayàwòrán wọlé, ẹsẹ̀ Alága dúró. Ó wo rédíò, ó wo àga tó jìn láàárín, ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ti ń ta irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, òun náà dúró. Oòrùn ti ń wọlé, òdòdó ti ń yọ lórí ilẹ̀. Alága béèrè pé kí lèyí, kọ́tìnnì yìí kò sí nínú fọ́tò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá mi náà kò sí nínú rẹ̀." Tíṣà nawọ́ sí kọ́tìnnì. "Òun ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Òun náà lẹ rí ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́sí. Mo ní ó ń bá wa gbálẹ̀. Mo purọ́, mà. Ìyá tó bí mi ni, òun ló nilé."

Ó mú owó bébà náà jáde láti àpò, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí Alága. Kò lè gbójú sókè. Alága kò tètè gbà á. Nígbà tó gbà á, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tó ti lọ sílẹ̀, pé ṣé Tíṣà mọ̀ pé ẹgbẹ́ á ní láti tún ọ̀rọ̀ yìí jókòó sọ, pé òun nìkan kọ́ lòun ń pinnu. Tíṣà ní òun mọ̀.

Àgbà Ayàwòrán kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti tẹ̀pá dé iwájú kọ́tìnnì, ó na ọwọ́ láti gbé e sókè, kó wo bí àyè ara ògiri náà ṣe rí.

"Ẹ kágò, sà," ni Tíṣà wí létí rẹ̀.

Bàbá náà yíjú sí i. Ó tún wo kọ́tìnnì. Ó jọ pé láti ìgbà tó ti ń wọ ilé wọ̀nyí, kò bá ibi tó ti yẹ kó kágò pàdé rí. Ọwọ́ rẹ̀ rọra bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Àgò onílé o."

Ibùsùn dún, ikọ́ kan tẹ̀lé e, Màmá kò pa á mọ́ ikùn.

"Ẹ dúró ná," ni ohùn Màmá wí láti inú. "Ó ku apá kan."

Gbogbo wọn dúró.